Bàbá Bódìjà àti Èèwọ̀ Ilẹ̀ Onílẹ̀

Àwọn tó wá kí wa nígbà tí Bàbá kú ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mo ń ṣe àmín, mo ń gbé omi tútù fún àlejò, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi mo mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ò mọ Bàbá Bódìjà. Bàbá tó bí ìyá mi kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́. Èèyàn tó lè dúró sí ẹnu géètì ẹlòmíràn títí oòrùn á fi gun àtàrí, nítorí pé onítọ̀hún ò dá a lóhùn ìkíni, ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní jẹ́jẹ́? Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bí Bàbá ní Ìsẹ́yìn gan-an, Bàbá fúnra wọn ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni màá sọ, nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Bódìjà ní Ìbàdàn, tí Ìyá àgbà ti kú, tí ilé ńlá yẹn sì kù sí èmi, Bàbá, àti rédíò kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni, nítorí ibẹ̀ ni Bàbá náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwọn, kò sí ìwà àìdáa tó tó kí wọ́n kí èèyàn kó má dáhùn. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n á ní, "Kíkíni, súnnà ni, dídáhùn, ọ̀ranyàn ni," wọ́n á wá wo ojú mi bóyá ó wọlé. Bí mo bá ń kàwé ní yàrá, tí Bàbá kí mi kú iṣẹ́ láti pálọ̀, tí mi ò tètè fèsì, ọ̀rọ̀ di wàhálà nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, mi ò gbọ́ ni." Wọ́n ní, "Etí tó ń gbọ́ ìró ṣíbí nínú ìkòkò ọbẹ̀, òun náà ni ò gbọ́ mi?"

Ìjà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ni ti Bàbá Adéyanjú, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wọn àti tiwa níyà. Rédíò ló fà á, irú èyí téèyàn fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Nígbàkúùgbà tí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò, àwòrán tẹlifíṣọ̀n Bàbá Adéyanjú á máa gbọ̀n, ohùn Bàbá á sì gba inú rẹ̀ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gá sójà kan fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Sójà la ẹnu, ohùn Bàbá ló jáde, tí wọ́n ń bi ará Ítálì kan bóyá ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Bàbá Adéyanjú bínú débi pé wọ́n yan Bàbá lódì. Bàbá kí wọn lórí ògiri, wọn ò dáhùn. Bàbá kí wọn lọ́nà ọjà Bódìjà, wọ́n wo apá ibòmíràn. Ni Bàbá bá wé láwàní wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n lọ dúró sí ẹnu géètì Bàbá Adéyanjú, wọn ò kan ilẹ̀kùn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Mo gbé àga lọ fún wọn, wọn ò jókòó. Nígbà tí Bàbá Adéyanjú jáde, tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, Bàbá ní, "Ẹ bá mi jà, kò burú. Ẹ sáà dá mi lóhùn."

Bàbá Adéyanjú rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Wọ́n ṣe àdéhùn pé Bàbá ò ní sọ̀rọ̀ sínú rédíò nígbà ìròyìn. Láti ọjọ́ náà, tí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá á ká ọwọ́ gbera, wọ́n á máa retí kí sójà sọ tiẹ̀ tán.

Rédíò tí mo ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé fi ń gbọ́ orin. Síbíì ni Bàbá ń pè é. Ó tó páálí bàtà, ó ní abẹ́rẹ́ kékeré kan níwájú tó máa ń fò sókè bí ohùn bá ń wọlé, ó sì ní máìkì dúdú kan tí okùn rẹ̀ lọ́ kóíkóí. Bọ́tìnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ máìkì náà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ á jáde lọ. Bí o bá fi í sílẹ̀, ohùn ẹlòmíràn á wọlé. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan tó ń ṣe títì ni Bàbá ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni láti máa tún irú rẹ̀ ṣe nínú àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta. Nígbà tí àwọn òyìnbó náà ń kó lọ, ọ̀gá Bàbá fi ọ̀kan ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá ri òpó irin gígùn kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n so eríàlì mọ́ ọn lórí, ni ilé wa bá di ilé olópòó.

Ní ti agbára tirẹ̀, ohùn rédíò náà kì í kọjá Mọ́níyà tí kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún yẹn, Bàbá ní oòrùn wà nínú agbára rẹ̀, pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á tún dín kù. Wọ́n ní bí oòrùn bá gbóná bẹ́ẹ̀, ohùn á gòkè lọ, á kan ojú ọ̀run, á tún já bọ́ sí ilẹ̀ tó jìnnà réré. Lóòótọ́, ní ọ̀sán, a máa ń gbọ́ àwọn ará Ítálì, àwọn ará Potogí, àwọn ará Bràsíìlì, àti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ ẹranko. Inú Bàbá á dùn, wọ́n á fi ọwọ́ gbá orí tábìlì, wọ́n á pè mí. "Àjíkẹ́, ojú ọ̀run là lónìí."

Ìjọba sójà ò fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Bàbá sì mọ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ, wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó àwọn àti Ìyá àgbà. Èmi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú méjèèjì. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin méjì tí wọn ò wọṣọ ìjọba wá, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ohun tí ń bẹ lórí òpó. Bàbá fi ìwé àṣẹ hàn wọ́n, wọ́n kà á lójú, wọ́n kà á lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn wá bi wọ́n pé, "Bàbá, ta gan-an lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀?" Mo rò pé Bàbá máa bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n wo rédíò náà, wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá dá mi lóhùn ni."

Àánú wọn ṣe mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn ọmọ Bàbá pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wà nítòsí. Ìyá mi wà ní Kàdúná pẹ̀lú bàbá mi. Àwọn méjì ń gbé ní Èkó, ọdún sí ọdún la ń rí wọn. Àbíkẹ́yìn wọn, Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní iṣẹ́ rédíò, ti lọ sí Amẹ́ríkà. Èmi náà, àárọ̀ ni mo ń jáde lọ sí kíláàsì, tí mo bá kúrò níbẹ̀, mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó ní Agbowó. Bí mo bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, màá bá Bàbá níwájú rédíò pẹ̀lú fìlà lórí, bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ọ̀nà tí Bàbá fi ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń gbà. Orúkọ, ìlú, àti bí ohùn ṣe mọ́ tó, ìyẹn nìkan ni àwọn oní-Síbíì tó wà lókèèrè máa ń sọ fún ara wọn, ó tán, ó dìgbà. Ìbéèrè tí Bàbá á kọ́kọ́ bi ẹni náà ni pé, "Jọ̀wọ́, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" Àwọn mìíràn á rò pé ọlọ́pàá ni, wọ́n á sá. Mo sọ fún Bàbá pé kò dáa kéèyàn máa béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Bí mi ò bá mọ̀ bóyá mo jù ú lọ tàbí ó jù mí lọ, báwo ni màá ṣe kí i?" Ọjọ́ tí ará Potogí kan sọ pé òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún, Bàbá ṣí fìlà, wọ́n dìde dúró, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ lórí ìdúró títí ohùn rẹ̀ fi rá.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè bí òjò ṣe ń ṣe sí. Ojú ọ̀run kì í sábà dúró dè wọ́n. Ìgbà mìíràn, wọn ò tíì kí ìyàwó tán tí ariwo á fi bo ohùn ẹni náà mọ́lẹ̀. Kámẹ́lò nìkan, ará Ítálì tó ń ṣe búrẹ́dì, ló mọ ìwà wọn. Òun náà a máa béèrè mi, á ní, "Àjíkẹ́ ńkọ́?" á pe orúkọ mi bí ẹni tó ní iyanrìn lẹ́nu. Tí kò bá yọjú fún ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá ò ní jẹun tán.

Ìbéèrè tó tún ń tẹ̀lé ìwọ̀nyí ni ti òfin. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá, ẹ sọ pé òfin rédíò kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èèwọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mọ̀ pé ní ilẹ̀ kan, ẹ̀rọ rẹ ò gbọdọ̀ lágbára ju ìwọ̀n kan lọ. Ní ilẹ̀ mìíràn, eríàlì rẹ ò gbọdọ̀ ga jù. Níbòmíràn, o ò gbọdọ̀ kọrin sínú rẹ̀, o ò sì gbọdọ̀ fi polówó ọjà. Ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ pé èèwọ̀ ni, tí gbogbo ìlú sì ń jẹ ẹ́. Bàbá máa ń bi ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé pé kí ni èèwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Ará Bràsíìlì kan rò pé oúnjẹ ni Bàbá ń béèrè, ó ní òun ò lè jẹ edé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá wọ ilé onílé, kó béèrè ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì kò ní tẹlifóònù níbi tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ni wọ́n máa ń pe wa, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti ilé ọ̀rẹ́ kan, sí ilé Ìyá Ṣadé tó ní tẹlifóònù ní òpópónà wa. Ṣadé á sáré wá pè wá, Bàbá á wọ bàtà, bí wọ́n bá sì fi máa dé ibẹ̀, ìṣẹ́jú tó kù ò ní tó nǹkan, ariwo ló sì máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá pariwo lórí tẹlifóònù pé àwọn ti ra Síbíì, àlòkù tó dáa, pé àwọn ti gbé eríàlì sókè. Wọ́n ní kí Bàbá jókòó ti rédíò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀, wọ́n sì sọ nọ́ńbà ojú ibi tí àwọn máa wà lórí Síbíì náà. Bàbá tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta kí láìnì tó já.

Ó yẹ kí ẹ rí Bàbá lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n gun àkàbà fúnra wọn lọ nu eríàlì. Wọ́n lọ gé irun ní Ṣàngó. Mo ní, "Bàbá, ohùn ni wọ́n máa gbọ́, wọn ò ní rí yín." Wọ́n ní, "Èmi máa rí ara mi."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà ni àgbàlagbà kan láti Amẹ́ríkà wọlé sórí rédíò nígbà tí Bàbá ń pe Kámẹ́lò. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó wà ní kíṣìnnì. Ó ní òun gbọ́ Bàbá dáadáa, ṣùgbọ́n òun ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní òfin àwọn ni pé ẹni tó ní Síbíì kò gbọdọ̀ bá ẹni tó bá jìnnà ju máìlì márùndínlọ́gọ́jọ lọ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ gbìyànjú rẹ̀, àti pé èyí tí òun ń sọ yìí pàápàá, òun ń rú òfin ni. Nínú gbogbo ará Amẹ́ríkà tí Bàbá ti bi ní èèwọ̀, kò sí ẹni tó sọ èyí fún wọn rí. Bàbá ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ju kéèyàn ti Ìbàdàn dé Bìní lọ. Wọ́n wá tẹ bọ́tìnì. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ má dá mi lóhùn mọ́."

Bàbá ò jẹun alẹ́. Èmi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, mo rò pé Kámẹ́lò ni. Àṣé ọ̀rọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ni. Ìwé tí wọ́n máa fi di ẹni tó lè gbé Amẹ́ríkà láìbẹ̀rù ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ẹnì kan tí òun àti Bàbá jọ ń kírun ní mọ́sálásí ti wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ dá a padà. A máa ń rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣàngó, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú kóòtù òtútù nínú oòrùn. Bàbá máa ń kí i, á dáhùn, ṣùgbọ́n kì í gbé ojú sókè.

Mo bá Bàbá jiyàn lọ́jọ́ Jímọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo ní, "Bàbá, àwọn ará Amẹ́ríkà tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń rú òfin yìí, kò sí ẹni tó ń mú wọn." Bàbá ní, "Àwọn yẹn, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Àlejò ni Ràṣídì." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá bí a ṣe máa sọ fún Bọ̀ọ̀dá kí wọ́n má pè. Kò sí nọ́ńbà tí a lè pè. Lẹ́tà ò lè dé láàárín ọjọ́ kan. Bàbá mọ gbogbo rẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Nígbà tí ó di Sátidé, Bàbá kí àlàásàrì, wọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n tan rédíò. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń bẹ Ọlọ́run kí ojú ọ̀run má là. Bí ohùn ò bá wọlé, kò sí ẹni tó máa ní láti ṣe ìpinnu kankan. Ojú ọ̀run là. Ohùn kan wọlé láàárín ariwo, ó jìnnà, ó ń mì, ṣùgbọ́n Yorùbá ló ń sọ. Nínú gbogbo ohùn tó ti gba inú rédíò yẹn wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí a máa gbọ́ Yorùbá láti òkè òkun.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ràṣídì ni o. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Bàbá gbé máìkì. Mo rí àtàǹpàkò wọn lórí bọ́tìnì, mo rí bó ṣe kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé máìkì sún mọ́ ẹnu, wọn ò tẹ bọ́tìnì, wọ́n sì dáhùn. Wọ́n dáhùn ìkíni náà tán pátá, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń bá ẹni tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀, ohùn tó dé ilé Bàbá Adéyanjú tí kò sì kúrò ní Bódìjà. Mo ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Wọ́n mi orí. "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bọ̀ọ̀dá ò dákẹ́. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti ra kóòtù. Bàbá ní, "O ṣe é dáadáa. Bo àyà rẹ." Bọ̀ọ̀dá ní àwọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ilá. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ?" Bọ̀ọ̀dá béèrè mi, wọ́n béèrè Ìyá Ṣadé, Bàbá sì ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́yìn fèrèsé, á rò pé baba àti ọmọ ń tàkúrọ̀sọ ni. Èmi ni mò ń sunkún. Ojú Bàbá gbẹ, wọn ò fẹ́ kí ohunkóhun bo abẹ́rẹ́ tó ń fò mọ́ àwọn lójú. Nígbà tó yá, Bọ̀ọ̀dá ò sọ ìròyìn kankan mọ́, "Bàbá? Bàbá?" nìkan ni wọ́n ń pè. Wọ́n pè é títí ariwo fi gbé ohùn wọn mì, Bàbá sì dáhùn gbogbo rẹ̀.

Bàbá rán ẹnì kan tó ń rin ìrìn àjò lọ sí Amẹ́ríkà sí Bọ̀ọ̀dá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ò gùn: kó má fi rédíò pe àwọn mọ́, èèwọ̀ ilẹ̀ tó wà ni. Wọn ò sọ pé àwọn gbọ́ ọ, wọn ò sì sọ pé àwọn ò gbọ́ ọ. Wọ́n kìlọ̀ fún èmi náà. "Má sọ fún un títí ìwé rẹ̀ á fi jáde. Bó bá mọ̀ pé mò ń gbọ́ òun, kò ní lè fi í sílẹ̀." Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá bi wọ́n lórí tẹlifóònù Ìyá Ṣadé bóyá ohùn àwọn dé lọ́jọ́ náà. Bàbá kì í purọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ò ń jẹun dáadáa?"

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá ṣì máa ń jókòó síbẹ̀. Mi ò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń retí. Ìmọ̀ràn wọn ti ṣiṣẹ́, ọmọ wọn ti gbọ́ràn, kò sí ohùn tó wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni agbára oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, bí Bàbá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé á dín kù. Àwọn ará Bràsíìlì kọ́kọ́ lọ, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn. Kámẹ́lò ló pẹ́ jù, ohùn rẹ̀ á wá, á lọ, lọ́jọ́ kan a ò gbọ́ ọ mọ́. Ó ku ariwo tó ń dún ṣììì, àti àwọn awakọ̀ kan lọ́nà Mọ́níyà. Mo máa ń wọlé bá Bàbá nínú ariwo yẹn, màá kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á béèrè kíláàsì mi, wọ́n á béèrè àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tó bá wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Lẹ́yìn àlàásàrì kan ni Bàbá kú, lórí àga wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin wọ́n, bí ẹ̀sìn ti wí. Bàbá Adéyanjú tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ló kọ́kọ́ dé, àwọn ló sì dúró kẹ́yìn. Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ò lè wá, ìwé wọn ò tíì jáde. Ó jáde lẹ́yìn tí a ti ṣe fìdáù tán, tí mo ti gboyè, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Chálẹ́ńjì.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá dé, irun wọn ti ń hewú. Wọ́n lọ sí ibojì, wọ́n ṣàdúà, wọ́n bọ̀ wá jókòó ní pálọ̀. Mo gbé oúnjẹ fún wọn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, mo mọ̀ nípa òfin yẹn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí n má pè mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Bàbá tí wọ́n bí mi yìí, tí wọ́n máa ń bá èèyàn jà lórí ìkíni. Mo kí wọn. Ṣé wọn ò gbọ́ ni, àbí wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi mí sílẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n gbọ́ yín, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ ní ẹ dọ̀bálẹ̀. Wọ́n dá yín lóhùn, wọn ò kàn tẹ bọ́tìnì ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Wọ́n bi mí pé kí ni Bàbá sọ gan-an. Kò tíì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún rí. Mo ní, "Wọ́n ní, 'Kú ìrọ̀lẹ́, Ràṣídì. Mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi.'"

Bọ̀ọ̀dá kúrò lórí àga. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni o, àbúrò yín ni mí, ẹ dìde." Wọn ò dìde. Mo tún bẹ̀ wọ́n. Mo wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì sọ èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ lọ́jọ́ náà.

Mo ní, "Wọ́n ní, 'Dìde, ó tó. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.'"